Àjíṣafẹ́ Tó Ń Mọ Alùpùpù Lójú Ẹni Tó Gùn Ún

Ọ̀rọ̀ fọ́tò Jímọ́ọ̀ ni a fi ń rántí olóògbé Àjíṣafẹ́ jù ní Ìkòsì. Ní nǹkan bí ọdún 1954 ni. Àrìnkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti rí ọkọ tó wù ú, Jímọ́ọ̀ ará Alápẹ̀rẹ̀. Jímọ́ọ̀ fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àna. Ó jókòó lórí alùpùpù, ó fún ojú pọ̀. Bàbá Àrìnkẹ́ bẹ̀rù alùpùpù ju ejò lọ, ló bá ní kí wọ́n pe àbúrò òun wá wò ó.

Àjíṣafẹ́ kò ní alùpùpù rí. Síbẹ̀, kò sí èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tí kò ní dárúkọ fún ọ nínú fọ́tò. Kì í wo ẹ́ńjìnnì, kì í wo táyà. Ojú ẹni tó gùn ún ló ń wò.

“Ẹni tó bá gun Bí-ẹs-éè,” ló máa ń wí, “á pa ẹnu dé bíi wolé-wolé tó rí tanwíjí nínú àmù. Ẹni tó bá gun Nọ́tìnì á fún ojú pọ̀ nítorí eré. Tráyọ́mfù ní tiẹ̀, eyín lẹ máa rí.”

Àwa náà gbà á gbọ́. Alùpùpù kan ṣoṣo tí a mọ̀ ni ti wolé-wolé, kó sì tó dúró, a ti wà nínú igbó.

Àjíṣafẹ́ gbé fọ́tò náà jìnnà sójú. “Nọ́tìnì ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó ń sáré jù.”

“Ó tán,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó ń sáré lọ sọ́run.”

Àrìnkẹ́ bú sẹ́kún.

Sẹ̀kínátù, ìyàwó Àjíṣafẹ́, dìde. Ó wọ yàrá tiwọn nínú agboolé náà, ó mú fọ́tò tí ọkọ rẹ̀ yà lórí alùpùpù lọ́dún Iléyá jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Jímọ́ọ̀. Aṣọ olódòdó kan náà ni wọ́n ta sẹ́yìn àwọn méjèèjì. Táǹkì alùpùpù méjèèjì sì tẹ̀ wọnú níbì kan náà.

“Bàbá Ọmọ́ṣaléwá, ṣebí Tráyọ́mfù lẹ pe tiyín fún mi?” ló bi ọkọ rẹ̀.

Àjíṣafẹ́ wo fọ́tò, ó wo Àrìnkẹ́ tó ń nu ojú. Bó bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ á dúró, ọkọ ọmọ á sì lọ. Ó wúkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọmọ fún un. Alùpùpù onífọ́tò Kétu ni. Gbogbo wa la ń jókòó lé e. Kò lè sáré. Kò ní ẹ́ńjìnnì.”

“Kí ló wá dé tí ọmọkùnrin yẹn fún ojú pọ̀?”

“Oòrùn Kétu ni.”

Ẹ ó rò pé ó jáwọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí Jímọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ gbé fọ́tò àtijọ́ kan wá dán an wò. Ẹni tó gun alùpùpù inú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa.

“Bàbá, ojú rẹ̀ kò hàn o.”

“Wo etí rẹ̀,” ni Àjíṣafẹ́ wí. “Etí rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Tráyọ́mfù ni.”

Nígbà tó kú, fọ́tò Iléyá yẹn la gbé sórí tábìlì lọ́jọ́ àdúà rẹ̀. Àlejò kan bi wá pé irú alùpùpù wo nìyẹn. Àwa tí a mọ̀ pé kò ní ẹ́ńjìnnì, a ń wo ara wa. Àrìnkẹ́ pọn ọmọ kẹta sẹ́yìn, ó sún mọ́ tábìlì, ó wo ojú àbúrò bàbá rẹ̀ dáadáa. Gbogbo eyín bàbá náà ló hàn síta nínú fọ́tò.

“Tráyọ́mfù ni,” ló wí.

Kò sẹ́ni tó jiyàn.