Sísítà Tó Wá Tọrọ Ọmọ Mi

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi. Sísítà tó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ajíhìnrere tí kì í lọ́kọ sílẹ̀ ní àdúgbò Barnawa níbí kì í jókòó sí pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé ìdáná ló ti máa ń bá èèyàn. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi obìnrin ní òun ń bá wọn lọ, mo fárígá. Sísítà wá, ó kúnlẹ̀ bí ẹbí ọkọ.

“Màmá, a wá tọrọ ọmọ.”

Mo ní, “Ọkọ dà?”

“Kai, Màmá!” Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà. “Bí ẹ ò bá fà á lé mi lọ́wọ́, mi ò ní gbà á.”

Nígbà tó fi máa wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti di ẹrù ìyàwó fún ọmọ náà: aṣọ, ìkòkò, odó.

Ó ní, “Ẹni tó bá máa di Sísítà kì í kó ẹrù wá, Màmá.”

Ó wo ojú mi. Ló bá gbé odó náà lé orí ara rẹ̀.