Gbodo Tí Gbọ́láhàn Sè Jiná

Ogójì ọjọ́ ni àwọn ìyá ìjọ fi gbé oúnjẹ wá fún Gbọ́láhàn lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, Olúwafọlákẹ́mi. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn mọ́. Ọkùnrin tó ti kọ́ àwọn ọmọ Àgọ́-Àmọ́dù ní ìṣirò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá jókòó ti ààrò tútù, kò mọ ibi tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí.

Isu tí ìyàwó rẹ̀ kó jọ láti fi ṣe èlùbọ́ ti ń hù. Gbọ́láhàn bẹ mẹ́wàá, ó dà á síkòkò, ó koná mọ́ ọn títí omi fi hó yaya, ó sì sá a sórí àpáta. Àṣé ó ti jiná, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná lásán ni wọ́n fi ń bọ isu gbodo kí wọ́n tó sá a. Ewúrẹ́ àdúgbò ló bá a jẹ ẹ́. Gààrí ló mu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Létí sàréè, ó ti sọ pé Olúwa kì í ṣàṣìṣe. Ó dúpẹ́ oúnjẹ, àmọ́ bí ẹni ń kí aládùúgbò tí wọ́n jọ ń jà ló ṣe é.

Ìyá Treasure ló mọ iṣẹ́ yìí nílé ìwé wọn. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán, kí Gbọ́láhàn tó dìde nípàdé olùkọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé kí wọ́n fi wákàtí rẹ̀ kún ìṣirò. Ó ní ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọbẹ̀ sísè. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí obìnrin náà lọ máa ṣọ́ yàrá ìkàwé. Ibẹ̀ ni Gbọ́láhàn lọ bá a.

“Ìyá Treasure, gbodo tí mo fẹ́ ṣe, ó jiná.”

“Ó jiná? Ọ̀gá Ìṣirò, epo ló kù kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́.”

Ó bi í pé báwo ni omi náà ṣe ń gbóná tó, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

“Kò sí ní kíkọ. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó ta yín, ẹ fa igi iná yọ.” Ó wò ó. “Ṣebí ilé lẹ ní wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ bi wọ́n nílé.”

“Kò sẹ́nì kankan nílé.”

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó ní kó má bínú.

Nípàdé ọ̀sẹ̀ náà, Gbọ́láhàn tún dìde. Ó ní òun ṣì í. Kí wọ́n dá wákàtí náà padà. Ọ̀gá ilé ìwé ní ìdánwò kì í bèèrè èlùbọ́.

“Ẹ yọ ọ́ nínú tèmi,” ni Gbọ́láhàn wí. “Ti ọjọ́ Ẹtì.”

Wọ́n gbà, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti dà lórí rú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Treasure ní kí àwọn ọmọ pín ara wọn ní méjì-méjì sídìí ìkòkò lẹ́yìn kíláàsì. Gbọ́láhàn, tó wá kọ́ ọ láàárín wọn, nìkan ló dá ìkòkò tirẹ̀ ní. Ó ki ìka bọ omi. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ó fa igi iná yọ.

Nígbà tí gbodo gbẹ, ó lọ̀ ọ́, ó ro ọkà nílé. Ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀, ó sì dá ọ̀kan padà. Ó dijú láti dúpẹ́. Ọkà ti ń tutù kó tó pe orúkọ Fọlákẹ́mi. Ó ní àmín, ó bu òkèlè.