Obìnrin Tó Ń Gbọ́ Ìròyìn Odò

Bí mo bá ti rí áyọ́ọ̀nù, ohùn obìnrin tí a jọ gbélé n'Ígbògbò ló máa ń wá sí mi létí: “Ẹ tètè lọ aṣọ yín o! Ọkọ mi ní omi ti fà, iná ò ní pẹ́ lọ.”

Dáàmù tí wọ́n ti ń fi Odò Ọya ṣe iná ni ọkọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Alaalẹ́ ló ń pè é, tó ń sọ bí odò ṣe rí. “Omi ò mọ oṣù mọ́,” ni ọkùnrin náà máa ń wí. “Ó lè ya dé lójijì, kó sì gbẹ láìtọ́jọ́.” Aya ẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń ki oríkì rẹ̀. Owú ẹ̀ á jẹ mí débi pé n ò ní lọ aṣọ mi. Bó ṣe rún yẹn ni mo máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́dún tí omi kún àkúnya, ọkọ ẹ̀ ò lè wálé Iléyá. Inú mi dùn. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Ó ní, “Omi ló dá a dúró, Ìyá Ìbejì. Bàbá Ìbejì ńkọ́?”

Ẹ̀pẹ́ níbí lọkọ mi wà. Kò sí omi kankan tó dá a dúró.