Etí Aṣọ Tí Kò Dọ́gba

Òórùn òwú tí a rì sínú omi ẹ̀kọ kí ó lè le ni ó máa ń kún agboolé wa ní Ìsẹ́yìn láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ilé ahunṣọ rí mọ òórùn yẹn. Inú rẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà ìsinmi kan ní ọdún 1983, tí ọmọbìnrin mi fi fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n buwọ́ lù ú. Ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìṣirò sílẹ̀ ní yunifásítì. Olùkọ́ rẹ̀ kan ti wí lójú gbogbo kíláàsì pé, "Ẹ̀yin obìnrin, ìṣirò ata ni tiyín," àwọn ọkùnrin sì rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà ni kì í ti í nawọ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Máàkì rẹ̀ kò burú. Òun ló kàn ti gbà pé kò yé òun.

Inú bí mi. Nígbà tí èmi náà wà ní girama, bí àwọn ọkùnrin bá ń ṣe áljẹ́bírà, ibi ìránṣọ ni wọ́n ń kó àwa ọmọbìnrin lọ. Síbẹ̀, n kò lè wo ẹkún ọmọ mi. Mo mú bírò. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta nínú orúkọ mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ahunṣọ, dé láti ìdí òfì.

"Ìyàwó, òwú mi dà?"

Ní agboolé wa, ọkùnrin ló ń hun. Àwa obìnrin ló ń ka fọ́nrán, tí a sì ń ta á sára èèkàn fún wọn. Mo ní mo ti ta á tán, mo sì ka ètò tí ó fún mi padà sí i létí: igba fọ́nrán, dúdú ogójì, funfun mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta, kí dúdú gba ìyókù.

"Etí aṣọ kan á jẹ́ ogójì, èkejì á jẹ́ àádọ́ta," ni ọmọ mi wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kí etí méjèèjì jẹ́ mẹ́tàlélógójì, kí dúdú méjì tó wà láàárín jẹ́ méjìlélógójì."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Alákọ̀wé, ṣé wọ́n ń hun òfì ní yunifásítì ni?"

"Níbẹ̀ náà, ọkùnrin ló ń hun, Bàbá."

Ó fi ìka ka òwú náà lára èèkàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyàwó, tú u. Tún un ta bí ọmọ yìí ṣe wí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, ohun tí àwa obìnrin kà ni wọ́n ń hun, àwa kan náà ni wọ́n sì ń sọ fún pé ìṣirò kì í ṣe tiwa. Mo dá fọ́ọ̀mù náà padà fún ọmọ mi, mo ní n kò ní parí orúkọ mi. Ó gbé e padà lọ bẹ́ẹ̀, kò sì fi ìṣirò sílẹ̀. Òun náà ń kọ́ni ní ìṣirò báyìí.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta tí ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀ kọ ló ń bí mi nínú jù.