Orin tí Mo Yàn nínú Ìwé Bàbá Tísà

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí ipò olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Rumuomasi, lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá. Kò dùn mí mọ́. Kí n má purọ́ ṣá, ó ṣì ń dùn mí díẹ̀.

Bàbá Tísà, tó ń darí ẹgbẹ́ náà, ló kọ́kọ́ kọ́ àwa Yorùbá ibẹ̀ bí a ṣe ń ka dò-re-mí. Ó kọ ìwé méjì lórí ìmọ̀ orin, ní Yorùbá pọ́ńbélé. Nígbà tí ara di ara àgbà, ó ní òun máa gbé ẹgbẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Ta ló tún kù bí kò ṣe èmi?

Mo ní kí n fi orin inú ìwé rẹ̀ yẹ́ ẹ sí. Mo rí ọ̀kan tí n kò gbọ́ rí, mo fi fóònù ya ojú ìwé náà, mo jù ú sí WhatsApp ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kọ́ ọ.

Màmá Bọ́sẹ̀, tó ń kọ ohùn kejì, ló ń ṣàròyé. "Brother Dàpọ̀, this part dey worry my ear o. Ó ń korò." Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ ju ẹni tó kọ̀wé lọ ni. Ó bá tún ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, a kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Bàbá béèrè ẹni tó yan orin. Mo yára nawọ́! Ó ní ṣé mo ka ojú ìwé tó ṣáájú? Ojú ìwé wo? Àṣé ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ìdánwò ni: òun mọ̀ọ́mọ̀ ba orin náà jẹ́ níbi mẹ́fà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá àṣìṣe náà kó sì tún un ṣe.

"Dàpọ̀, ẹ kọ àṣìṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ ò fo ẹyọ kan."

Ojú tì mí gan-an. Ó tún béèrè bóyá kò sẹ́ni tó fura. Kí n tó dáhùn, gbogbo ẹgbẹ́ ti yíjú sí Màmá Bọ́sẹ̀. Bàbá ní kó kọ ohùn tirẹ̀ bó ṣe rò pé ó yẹ. Ó kọ ọ́, Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: bí ẹnì kan bá ní nǹkan ò dún dáadáa létí òun, ẹ dúró gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó fi ìwé pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti pa lẹ́nu mọ́ rí, tó padà jẹ́ pé òun ló tọ̀nà? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, màá kà á tí mo bá dé. Ìfidánrawò ni mò ń lọ báyìí, Màmá Bọ́sẹ̀ ò sì gba kéèyàn pẹ́.