Ọwọ́ Ìyá Ìbídùn ní Ifọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Mowe. Ìrẹsì Ọ̀fàdà wà nínú àpò lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ìró olóògbé ìyàwó mi wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì. Ìbídùn, ọmọ mi, ló ní kí n kó méjèèjì wá. Ó ń ya fíìmù ní Ifọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló pè mí lórí fóònù.

"Bàbá mi, ọ̀la la máa lò kẹ́yìn nínú ilé tí a gbà. Ìran kan ló kù, n kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

"Kí ni mo mọ̀ nípa fíìmù?"

"Kì í ṣe fíìmù ni mo fẹ́ bi yín, sà. Màmá mi ni."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo di ẹrù mi.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni bọ́ọ̀sì gbà dé Òjódù. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí. Ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú ọ̀nà, atẹ́gùn àárọ̀ sì tutù. Nígbà tí a kọjá Ibafo, mo fojú wá gbọ̀ngàn kan tí Ìbídùn ti kọ́kọ́ jó lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo rí òrùlé rẹ̀ fìrí.

Adití ni ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn a máa fi gbogbo ara sọ̀rọ̀. Bí Ìbídùn bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á fi ara ṣe tíṣà, á ṣe ewúrẹ́ aládùúgbò, á ṣe èmi náà, ìyá rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ijó ti bẹ̀rẹ̀. Orin tẹ̀ lé e ní ṣọ́ọ̀ṣì, eré orí ìtàgé tẹ̀ lé orin. Nígbà tó dé ìdí fíìmù l'Ékòó, ó kíyè sí i pé bí ìtàn bá ní adití, ẹni tó ń gbọ́ràn ni wọ́n ń mú, kó máa ya ẹnu bí ọ̀dẹ̀. Bó bá ní Ẹ̀gùn, Yorùbá ni yóò máa lọ́ ohùn kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Ìbídùn ní òun yóò ya tòun, ìtàn ìyá rẹ̀. Olówó kan fẹ́ fi owó ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ó ní gbajúmọ̀ òṣèré kan ni kó ṣe adití inú rẹ̀. Ìbídùn kọ̀. Olówó náà bá tirẹ̀ lọ.

Awakọ̀ wa wo àpò tó wà lẹ́sẹ̀ mi. "Bàbá, ta lẹ gbé ìrẹsì lọ fún?"

"Ọmọ mi. Ó ń ṣe fíìmù."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé òun ni ìyàwó ilé, àbí òun ni àlè?"

"Òun ló ń darí wọn."

"Ọ̀gá pátápátá! Ẹ bá mi sọ fún un pé mo lè ṣe awakọ̀. N kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ọ."

Obìnrin kan dá sí i láti ẹ̀yìn. "Ìwọ tí o kò lè dákẹ́ láti Mowe? Àfi kí wọ́n fi ọ́ ṣe rédíò."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo wọ ọkọ̀ mìíràn dé Àgége, òmíràn dé Sàngó. Ní Sàngó mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lórí ìdúró. Ọ̀nà láti ibẹ̀ dé Ifọ̀ dára níbì kan, ó bàjẹ́ níbòmíràn, eruku sì pọ̀. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ilé náà, ilé àtijọ́ kan nítòsí ojú irin rélùwéè.

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí mi, ó gba ẹrù mi. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Àṣà àwọn tó ń ya fíìmù yàtọ̀ sí ti ilé. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ jẹun. Níbẹ̀, ọmọdébìnrin tó ń ṣe Ìbídùn ní kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, torí òun ni iṣẹ́ ń dúró dè. Wọ́n ní èdè tiwọn pẹ̀lú. Bí Ìbídùn bá ké pé "Rólì", ẹ̀rọ ti ń yàwòrán nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ húkọ́. Àfín kan tó dé fìlà gbẹ̀ǹgẹ̀ ló ń yí kámẹ́rà. Sẹ̀wánù, ọmọ Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì, ló ń gba ohùn sílẹ̀. "A fọ́n gánjí à?" ló fi kí mi. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣé mo jí dáadáa. Mo dá a lóhùn pé mo jí dáadáa.

Rìsíkátù, tó ń ṣe ìyàwó mi, adití ni òun náà. Ìyá ọmọ méjì ni. Ó ṣí bàtà sílẹ̀, ó jókòó sórí àga. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè, tó nàka sí ojú irin.

"N kò gbọ́ nǹkan kan," ni Sẹ̀wánù wí, pẹ̀lú ohun tó fi bo etí méjèèjì.

Kò pẹ́ sí i ni rélùwéè dé, tí ó ń han. Ẹsẹ̀ ni Rìsíkátù fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń mì. Sẹ̀wánù ṣí etí rẹ̀. "Ẹ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ gbé e fún Àǹtí Rìsíkátù!"

Ìran tó kù nìyí: ilẹ̀ mọ́, ọmọ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ìyá sì fi oríkì kì í. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Rìsíkátù fi ọwọ́ sọ oríkì náà níwájú ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ ní láti gbójú sókè kó tó lè rí i. Ó dà bí ẹni tó ń wo ìyá rẹ̀ níran. Ìbídùn kò gbà á.

"Ẹ̀yìn mi ni Màmá máa ń fọwọ́ sí kì mí," ló wí fún mi. "Mo mọ bó ṣe ń rí lára mi. Ṣùgbọ́n orí mi máa ń wà nílẹ̀. N kò rí ọwọ́ wọn rí, Bàbá mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i."

Òótọ́ ni. Ìyá mi ló máa ń ki Ìbídùn tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi á máa wo ẹnu wọn. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń wí fún òun. Èmi kò tíì mọ̀wé nígbà náà; torí kí n lè máa kọ̀wé sí i ni mo ṣe wá lọ sí ilé ìwé àgbà. Ọwọ́ ni mo fi ṣàlàyé, òun náà sì sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ojú ń tì mí láàárín wọn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, n kò fi ọwọ́ mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbídùn, tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo wọn láti àárọ̀, kúnlẹ̀ níwájú mi nínú erùpẹ̀, ó tẹ orí ba. Rìsíkátù súnmọ́ wa.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé èjìká rẹ̀, mo fà wọ́n pàdé láàárín ẹ̀yìn: Àjọkẹ́. Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo rọra lù ú bí òòlù: ọmọ alágbẹ̀dẹ. Mo fi ìka sọ̀ kalẹ̀ lọ́pàá ẹ̀yìn rẹ̀: ọmọ odò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí àárín ẹ̀yìn, mo fi í síbẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé àdúrà ló ń gbà.

"Mo dúpẹ́, Mà," ni Ìbídùn wí, bí ó ti máa ń wí ní kékeré.

Ohùn náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti "mo" títí dé "mà".

N kò lè gbé ọwọ́ mi kúrò. Ìbídùn gbójú sókè, ó rí mi, òun náà sì mọ̀. Rìsíkátù ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ sọ nǹkan, Ìbídùn sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú: "Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń fi ọwọ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ òun ń sunkún àbí wọ́n ń díbọ́n. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ rò pé Màmá ń fi ọwọ́ yẹn ṣe?"

Rìsíkátù ró ìró ìyàwó mi. Ó ṣe ìran náà kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe é. Ìbídùn kò ké pé kí wọ́n dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ló jù sílẹ̀ láti fi dá wọn dúró. Ẹni àkọ́kọ́ tó pàtẹ́wọ́ ni àfín ìdí kámẹ́rà. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni gbogbo wa fi ṣe ìdùnnú, àti Ẹ̀gùn àti Yorùbá, nínú àwo kan náà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ mi kò gba ti olówó yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rìsíkátù. Mo gba ọ̀nà tí mo bá wá padà, ilẹ̀ sì ń ṣú nígbà tí mo dé Mowe. Obìnrin aládùúgbò mi bi mí bóyá mo bá ayọ̀ bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pẹ́ tí mo ti máa ń sọ fún èèyàn pé ìyàwó mi kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ rí títí ó fi kú. N kò ní sọ ọ́ mọ́.