Wákàtí Mẹ́sàn-án láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù

Orúkọ mi ni Felicia Àdùkẹ́ Oyèdọ̀kun, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ọmọ Oyèdọ̀kun alágbẹ̀dẹ, ọmọ-ọmọ Àjàní ọdẹ, ní Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ni mo ṣe ní Ṣakí títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo ní glóòbù kan, àwòrán ayé tí ó rí róbótó bí àgbọn. Ní kíláàsì, èmi àti àwọn ọmọ, a ó na okùn òwú lórí rẹ̀ láti pápákọ̀ òfurufú kan dé èkejì, a ó fi okùn náà lé òṣùwọ̀n máìlì, a ó sì fi eré tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan pín in. N kì í fi ojú rere wo ọmọ tí ó bá ṣì í.

Ní oṣù Keje ọdún 1983, Sùwébátù, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ ní. Bàbá rẹ̀, tí ó ń hun aṣọ òfì, wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́.

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ Ìyá Sùwébátù ni mo bá wá. Ọjọ́ kẹrin rèé tí a gbé e dé láti ọsibítù, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀. Ẹ sì mọ ìṣe rẹ̀: bí ọmọ yìí bá wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, kò ní fi omi kan ẹnu títí dẹ́rẹ́bà yóò fi padà wá sọ pé ó gúnlẹ̀. Ti ọkọ̀ òfurufú yìí ńkọ́? Ó ní wákàtí tí Tíṣà bá dá ni òun yóò gbà."

"Ṣé ẹ̀yin kò lè dá a fún wọn ni?"

"Èmi kẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti purọ́ fún un pé mo ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí n tó fẹ́ ẹ, kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rín.

"Ẹ bá mi dín in kù. Ẹ ní wákàtí mẹ́ta péré ni."

Mo dáhùn pé n kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìṣirò. Okùn mi fún mi ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Nítorí pé mo gbọ́ pé ọkọ̀ a máa yà ní Kánò, mo fi ìyẹn kún un, ó di mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ yóò gbéra ní Ìkẹjà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, yóò gúnlẹ̀ ní márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fi ọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ tí Sùwébátù wọ ọkọ̀, mo lọ jókòó ti àwọn òbí rẹ̀ nílé wọn. Ètè Ìyá Sùwébátù ti gbẹ. Ọkọ rẹ̀ gbé ife ẹ̀kọ gbígbóná dúró níwájú rẹ̀.

"Agogo mélòó lù, Tíṣà?"

"Méjì ààbọ̀, Ìyá."

"Ó ṣì kù nìyẹn. Ẹ gbé ẹ̀kọ yín kúrò, Bàbá Sùwébátù. Ọmọ mi wà lókè."

Ọkùnrin náà wò mí. Ìyá kò mọ agogo kà. Bí mo bá ní márùn-ún ti lù, yóò mu ún. Mo wo agogo ọwọ́ mi, mo dákẹ́. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí mẹ́rin lù, ó ṣubú láti orí àga. A sáré gbé e padà sí ọsibítù. Kò kú, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, lẹ́tà Sùwébátù dé. Èmi ni mo kà á fún bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yà ní Kánò rárá.

"Agogo mélòó ni ó ní òun gúnlẹ̀?"

"Méjì ààbọ̀, Bàbá."

Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a pọ̀. "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ kò purọ́."

Mo kọ́ni fún ọdún mélòó kan sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú mi. Ní ti àwọn òbí Sùwébátù, kí ọdún yẹn tó parí ni àwọn ẹbí wọn ti wá láti Kiṣi, tí wọ́n sì kó tọkọtaya náà lọ sọ́dọ̀ ara wọn. Mo sìn wọ́n dé ìdíkọ̀. Ìyá na ọwọ́ sí mi láti inú mọ́tò. Ọkọ rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1983. N kò tún rí wọn mọ́.